Mo Ní Kí Onífọ́tò Pa Àmì Ojú Ọmọ Mi Rẹ́

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ó tọ́ sí mi.

Orúkọ mi ni Kelera. Ìlú Suva, olú ìlú orílẹ̀-èdè erékùṣù wa, ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, àtíkè àti ìpara ni mò ń tà nínú ilé ìtajà ńlá kan láàárín ìgboro. Iṣẹ́ mi ni kí n wo ojú obìnrin, kí n sọ irú àtíkè tó máa bá a mu. Netani ọkọ mi ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté Walu Bay. Ó máa ń bá ọkọ̀ lọ sáwọn erékùṣù, á sì lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó dé.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Unaisi. Àmì àbímọ́ kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú òsì rẹ̀, ó gba gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn. Ó pupa bí ẹni fi osùn pa á.

Mo fẹ́ràn ọmọ mi. Àmì yẹn ni mi ò fẹ́ràn. Mi ò mọ̀ pé ọmọdé kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Láti kékeré rẹ̀, bí onífọ́tò bá ti gbé kámẹ́rà sókè, mà á ní, "Una, yíjú sápá ọ̀tún díẹ̀." Kò sí fọ́tò kan nílé wa tí ojú rẹ̀ hàn tán. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò dúró de àṣẹ mi mọ́. Fúnra rẹ̀ ló ń yíjú, tàbí kó sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí wọ́n á fi ya fọ́tò náà tán. Nígbà yẹn, fóònù tó ń ya fọ́tò kò tíì dọ́wọ́ irú wa.

Ó pé mẹ́tàdínlógún, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ilé ìwé wọn, wọ́n máa ń gbé fọ́tò ńlá ẹni tó bá wà nípò náà kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn, kò sì sẹ́ni tó ń yọ ọ́ kúrò mọ́.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, ó lọ dúró síwájú dígí. Èmi ń ká aṣọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, tààrà ni mo fẹ́ kọjú sí kámẹ́rà lọ́tẹ̀ yìí."

"Tààrà báwo?"

"Bíi ti gbogbo èèyàn. Gbogbo ojú mi ni wọ́n yàn, wọn ò yan ìdajì."

Mo ní, "Ó dáa. A ó kàn fi àtíkè díẹ̀ bò ó."

"Rárá o. Kò sí àtíkè. Kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣèlérí fún mi, Màmá."

Mo ṣèlérí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń dánra wò níwájú dígí yẹn. Á gbé orí sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, á fajú ro, á fà á tu. Mo máa ń gbọ́ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni ń tu ọmọ kékeré nínú.

Ọ̀dọ̀ Roneel la lọ, ọkùnrin ará Íńdíà kan tó ń ya fọ́tò lókè ilé aláṣọ kan ní òpópónà Cumming. Ó mọṣẹ́, ó sì lẹ́nu. Bí Una ṣe jókòó sórí àpótí, ara rẹ̀ le gbagidi.

Roneel wo inú kámẹ́rà, ó gbórí sókè. "Àǹtí Kelera, ta ló gbé pákó wá fún mi? Ọmọbìnrin ni mo ní kí ẹ mú wá."

Una kò rẹ́rìn-ín.

"Sọ èjìká kalẹ̀, àbúrò. Bẹ́ẹ̀. Na ọrùn síwájú díẹ̀, bí ẹni fẹ́ gbọ́ òfófó ilé kejì. Áà, o mọ òfófó gbọ́! Mí sóde. Má rẹ́rìn-ín o. Olórí akẹ́kọ̀ọ́ tọdún tó kọjá rẹ́rìn-ín níbí, eyín ẹ̀ já bọ́ sínú kámẹ́rà mi, mi ò tíì rí i yọ dòní."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Una. Kámẹ́rà dún.

Roneel yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí i. Una wò ó pẹ́ títí.

"Èmi nìyí?"

"Àbí ta lo rò pé mo yà?"

"Mo rẹwà o," ni ọmọ mi wí. Kò fọ́nnu. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan tó ti sọnù. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀.

Kó tó jáde, ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ o."

"Ọwọ́ mi ò ní débẹ̀."

Ọjọ́ kẹrin, èmi nìkan ni mo lọ gba fọ́tò náà. Mi ò gbèrò ibi nígbà tí mo ń lọ, mo fi Ọlọ́run búra. Roneel jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń tún fọ́tò ọkọ ìyàwó kan ṣe. Irorẹ́ ńlá kan wà ní iwájú orí ọkọ ìyàwó yìí. Roneel tẹ nǹkan kan, irorẹ́ náà pòórá.

Mo ní, "Ibo ló gbà?"

"Ó lọ sọ́run irorẹ́," ó rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, Àǹtí."

Mo wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni fẹ́ jalè.

"Roneel. Ṣé o lè ṣe irú ẹ̀ fún ti Una?"

Ó ní, "Ọmọ yẹn bẹ̀ mí, Àǹtí. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

"Ọmọdé ni. Kò mọ nǹkan tí ayé ń sọ. Lẹ́yìn tó bá kúrò nílé ìwé yẹn, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí á máa dúró níwájú fọ́tò yẹn, wọ́n á máa nàka sí i. Jẹ́ kí n kàn wò ó. Wíwò lásán."

"Tí ẹ bá wò ó tán ńkọ́?"

"Mo ní wíwò lásán."

Ó ṣe é. Ó mú un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ọrùn sókè, bí omi ṣe ń gbẹ kúrò lórí òkúta. Nígbà tó parí, ọmọbìnrin kan ń rẹ́rìn-ín sí mi, ojú rẹ̀ mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Mo sunkún. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe rí: ọmọ tí mo rò pé mò ń retí nígbà tí mo lóyún ni mo rí.

"Tẹ èyí jáde," mo ní.

"Àǹtí..."

"Èmi ni mo bí i. Tẹ̀ ẹ́. Kí o sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà. Kò jẹ, kò mu."

"Tó bá wà, ó máa jáde lọ́jọ́ kan. Pa á rẹ́ níṣojú mi."

Ó wò mí, ó mi orí, ó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà nínú kámẹ́rà náà, ó pa á rẹ́ pẹ̀lú.

Mo gbé fọ́tò náà nínú àpò lílẹ̀ lọ fún ọ̀gá àgbà ilé ìwé. Nígbà tí Una béèrè, mo ní, "Ó ti wà lọ́dọ̀ wọn. Fi sùúrù dúró dọjọ́ ayẹyẹ." Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ní àyè láti sọ òótọ́ fún un. Mò ń tan ara mi pé bóyá inú rẹ̀ máa tiẹ̀ dùn tó bá rí i.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ayẹyẹ náà. Òjò ti ń rọ̀ láti òru, rédíò ti ń kìlọ̀ nípa àwọn odò. Síbẹ̀, gbọ̀ngàn kún. Una dúró lórí pèpéle, ó di irun rẹ̀ dáadáa, ó kọjú sí gbogbo èèyàn tààrà. Ọ̀gá àgbà fa aṣọ kúrò lórí fọ́tò náà.

Àtẹ́wọ́ rẹpẹtẹ bẹ̀rẹ̀, ó sì kú lójijì.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kékeré, ohùn kan ní, "Ta nìyẹn?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Una yíjú wo fọ́tò náà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó gòkè lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá mi láàárín èrò, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Mo tẹríba, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò sí nínú báàgì mi.

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ká ìwé náà, ó fi sápò.

"Ẹ ṣeun. Èmi ni Unaisi. Ẹni tó wà lára ògiri yẹn, ẹ bi ìyá mi."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Una, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo fi í sílẹ̀. Ó jáde sínú òjò.

Aago mẹ́rin lù, kò dé. Aago mẹ́fà lù, kò dé. Mo lọ sílé gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò síbì kankan. Odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ti ń dún bí ọkọ̀ ńlá. Netani wà ní Levuka, lórí erékùṣù mìíràn, ìjì ò jẹ́ kí ọkọ̀ wọn ṣí. Nígbà tí mo rí i bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní, "Una ò tíì wálé."

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. Irọ́ kìíní nìyẹn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, obìnrin kan ni mo bá, Sájẹ́ǹtì Mereani. Ó ní, "Màmá, ẹ fún mi ní fọ́tò rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ hàn dáadáa."

Ẹ̀dà kékeré tí Roneel tẹ̀ fún mi wà nínú báàgì mi. Mo yọ ọ́.

"Ọmọ tó rẹwà," ni sájẹ́ǹtì wí. "Ṣé àmì kankan wà lára rẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ní àyè láti gba ọmọ mi là. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bí àmì náà ṣe tó, á ní, kí ló dé tí kò sí nínú fọ́tò? Àwọn ọlọ́pàá mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́.

"Àmì kékeré kan wà lójú ẹ̀," mo ní. "Kò fi bẹ́ẹ̀ hàn."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: àmì kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé tí fọ́tò yẹn wà lára rẹ̀ ti dé ibùdókọ̀, ó ti dé ìlú Nausori, ó ti dé gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá. Rédíò ń pe orúkọ rẹ̀. Omi ti ń wọ ilé ní ìsàlẹ̀ odò Rewa, wọ́n sì ti ti àwọn ilé ìwé pa. Mo sáré lọ bá sájẹ́ǹtì.

"Ìyá ọkọ mi wà lókè odò, lápá Vunidawa. Una fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló gbà lọ. Fóònù ibẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́."

"A ti ronú kan ibẹ̀, Màmá. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló lọ sápá yẹn lánàá kí omi tó bo ọ̀nà. A fi fọ́tò han awakọ̀ rẹ̀. Ó ní òun gbé ọmọ ilé ìwé kan lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí. A ti yọ ọ̀nà yẹn kúrò. Etíkun la ti ń wá a báyìí."

Mo di tábìlì mú.

"Ṣé... ṣé ó wò ó dáadáa?"

"Ó wò ó dáadáa."

Mo mọ̀. Inú mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, mo sì gbé e mì. Mo ní nínú ara mi, awakọ̀ á mọ ẹni tó gbé. Netani ń bọ̀ lọ́la. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí, gbogbo Suva á gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo lọ sílé. Mo jókòó sórí ibùsùn ọmọ mi, mo ń gbọ́ òjò lórí páànù, ẹ̀rù sì ń bà mí. Síbẹ̀, mi ò dìde lọ sọ ọ́. Ibi tí ẹ ó ti bú mi gan-an nìyẹn.

Ọ̀sán Sátidé ni Netani dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò tíì jókòó tí fóònù dún. Sájẹ́ǹtì Mereani ni.

"Màmá, ṣé ọkọ yín ti dé? Ẹ jọ máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn."

Gbogbo ará Suva ló mọ ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n ń gbé òkú sí ni.

Nínú takisí, Netani ń fọwọ́ nu girisi kúrò léèékánná rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọn ò ní jẹ́ kó wọlé tó bá dọ̀tí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ni. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ńṣì, aṣọ rẹ̀ tutù dé orókún, ó ń wo ilẹ̀. Sájẹ́ǹtì wá pàdé wa.

"Wọ́n rí ọmọbìnrin kan ní bèbè odò, nísàlẹ̀ Nausori. Mi ò sọ pé òun ni o. Àmọ́ ọjọ́ orí bá a mu. Ojú rẹ̀ ò bàjẹ́, ó mọ́, ó sì jọ ti inú fọ́tò yìí. Ọ̀kan nínú yín ní láti wọlé wò ó."

Netani na ọwọ́, ó gba ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì rí i rí. Ó wò ó, ó súnmọ́ fèrèsé, ó tún un wò.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ yín ni, sà. Màmá ló fún wa."

"Èyí kì í ṣe ọmọ mi." Ó yíjú sí mi. "Kelera. Ta nìyí?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí sájẹ́ǹtì sọ ló ń yí lórí mi. Mo di apá sájẹ́ǹtì náà mú.

"Ẹ ní ojú ẹ̀ mọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ńkọ́? Kò sí pupa níbẹ̀? Kò sí rárá?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ó mọ́."

"Kì í ṣe òun!" Mo pariwo, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọlọ́run o ṣeun! Kì í ṣe Una! Àmì wà lójú ọmọ tèmi, ó pupa, ó gba gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Kì í ṣe òun!"

Obìnrin orí bẹ́ńṣì gbé ojú sókè. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé. Ilẹ̀kùn náà kò tíì padé tán lẹ́yìn rẹ̀ tá a gbọ́ igbe rẹ̀. Mo ti gbọ́ igbe rí, mi ò gbọ́ irú ìyẹn.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti jẹ́wọ́. Mo sọ ti Roneel, mo sọ ti ilé ìwé, mo sọ ti àmì "kékeré". Netani ò gbé ọwọ́ sókè, kò bú mi. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin.

"Ọjọ́ méjì," ó ní. "Ọjọ́ méjì, Kelera."

Ojú Sájẹ́ǹtì Mereani ti yí padà. "Màmá, awakọ̀ yẹn sọ fún wa pé ọmọ tí òun gbé ní pupa ńlá lójú. A ní kí awakọ̀ náà máa lọ sílé. Ọ̀nà tó tọ́ la kọ̀yìn sí, nítorí ohun tí ẹ gbé fún wa."

Awakọ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Shiu, sọ fún wọn lórí fóònù lójú ẹsẹ̀: omi ti bo afárá, ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn dọ́dọ̀ ìyá bàbá òun. Ó wọ inú omi dé ìbàdí. Láti ìgbà yẹn, kò rí i mọ́.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá gbé wa gòkè odò. Omi náà pọ́n bí ẹrẹ̀, ó ń gbé igi, ó ń gbé òrùlé, ó ń gbé màlúù tó ti wú. Gbogbo nǹkan dúdú tó bá léfòó ni mo ń rí bí irun Una. Netani jókòó síwájú ọkọ̀, kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Abúlé kẹta la ti rí i. Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kó àwọn tí omi lé jáde sí. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní igun kan, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ata rodo. Kò mọ̀ wá.

Àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá. "Ẹ má bínú. Àwọn tó fà á jáde lómi ló gbé e wá. A gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ń wá ọmọ kan, àmọ́ àmì kékeré ni wọ́n wí. A wo ojú eléyìí, a ní, áà, kì í ṣe òun. Òun náà ò sì lè dárúkọ ara rẹ̀, ibà ti mú un."

Netani gbé e lé èjìká. Kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́.

Dókítà ní àrùn tó máa ń wà nínú ìkún omi ni, ó ti wọ inú kídìnrín. Ó ní, "Bó bá di ọ̀la kí ẹ tó gbé e dé, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ." Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, mi ò mọ̀ bóyá ó máa yè. Bí nọ́ọ̀sì bá ti yára rìn lọ́nà ibùsùn rẹ̀, mà á fò dìde.

Ọjọ́ kẹfà, ó la ojú. Ó wò mí.

"Ṣé ẹ wá mi?"

"A wá ẹ, ọmọ mi. Gbogbo ibi la wá ẹ dé."

"Fọ́tò wo lẹ fi wá mi?"

Mi ò lè purọ́ mọ́. Mo sọ fún un.

Ó di ojú. Mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọbìnrin yẹn lẹ wá nígbà náà. Bàbá ló wá èmi."

Nígbà tó gbádùn, ilé ìwé yọ fọ́tò náà kúrò. Una àti bàbá rẹ̀ padà lọ sọ́dọ̀ Roneel. Netani sọ fún mi pé Roneel sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì ṣe gbogbo àwàdà tó mọ̀. Una fetí sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Fọ́tò tuntun náà wà ní gbọ̀ngàn yẹn di òní. Ó kọjú síwájú tààrà, èjìká rẹ̀ balẹ̀, àmì rẹ̀ hàn, ó sì rẹwà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ̀wọ̀ fún fọ́tò yẹn. Ṣùgbọ́n ojú tó ń woni níbẹ̀ ti mọ nǹkan tí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kò yẹ kó mọ̀. Ẹ̀rín ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn kò sí níbì kankan láyé mọ́. Níṣojú mi ni wọ́n pa á rẹ́.

Mo wá obìnrin orí bẹ́ńṣì yẹn rí. Mo gbé ẹní tuntun lọ sí abúlé rẹ̀, bí àṣà wa, láti tọrọ àforíjì, nítorí pé mo dúpẹ́ níṣojú rẹ̀ lórí òkú ọmọ rẹ̀. Ó gba ẹní náà. Ó se tíì ewé òronbó, ó bu ẹ̀gẹ́ sísè fún mi. Ó ní, "Èmi náà ni mo ń gbàdúrà níbẹ̀ pé kó jẹ́ tìẹ." A jọ sunkún, mo sì padà sílé.

Ogún ọdún ti kọjá. Netani dárí jì mí nígbà tó yá. Una ti di olùkọ́ ní ìlú Labasa, lórí erékùṣù kejì, ó lọ́kọ, ó sì máa ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, kò jẹ́ kí n ṣaláìní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tí ara rẹ̀ yàtọ̀, ẹ jẹ́ kó fi ojú tí Ọlọ́run fún un jókòó síwájú kámẹ́rà. Ọjọ́ tó bá sọ fúnra rẹ̀ pé òun rẹwà, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Una bí ọmọbìnrin kan. Mo ti lọ sí Labasa lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gbé e jó. Lóṣù tó kọjá, mo ní kó fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi, kí n gbé e sórí tábìlì.

"Kò tíì yá, Màmá," ni Una wí. "Ẹ máa wá wò ó."

Mi ò bá a jiyàn. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.